Fádáre Amòòkùn, Ará Ajue

Bí ẹ bá dé Ore, tí ẹ rí àgbàlagbà tó ti dé ibẹ̀ tipẹ́, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí Fádáre fi ẹ̀yìn rìn. Kò ní bi yín pé Fádáre wo. Yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò rántí pé ọkùnrin náà ti kú, yóò wá rọra bọ́ fìlà.

Oṣù kẹwàá ọdún 1977 ni. Fádáre jáde láti ìsọ̀ Gàzálì, fọkanáísà ará Ìwó tó wà ní gáréèjì Ore, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó wọ aṣọ rọ́bà dúdú tó mú un lára láti ọrùn títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbé agbá irin kan pọ̀n, gíláàsì ńlá bo ojú àti imú rẹ̀, bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ rìn síwájú, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í rìn. Bẹ́ẹ̀ ni Fádáre ṣe fi ẹ̀yìn la gáréèjì já, láàárín ọkọ̀ tó ń lọ Èkó àti èyí tó ń lọ Bìní, ó sì ń kí gbogbo èèyàn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kì í rí ẹni tó yẹ kó kí àfi ìgbà tó bá ti kọjá onítọ̀hún.

Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ Límátù olóúnjẹ gbé ṣíbí dúró. Ó ní, "Ọmọkùnrin yìí kọjá lára mi tán kó tó kí mi."

Límátù ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Iwájú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn."

Kọndọ́kítọ̀ kan bi Fádáre pé níbo ló ń lọ. Fádáre yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń mí kúrò lẹ́nu, ó ní, "Abẹ́ omi." Kọndọ́kítọ̀ náà ronú sí i díẹ̀, ó ní ibẹ̀ ò sí lójú ọ̀nà àwọn.

Gbogbo gáréèjì ló ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àfi ọkùnrin kan. Láoyè ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Fádáre tímọ́tímọ́ ni. Ó ń tẹ̀ lé e lọ, ó tẹ orí ba bí ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti jí iṣu. Ó mọ̀ pé ẹnu òun ló kó Fádáre sínú aṣọ rọ́bà yẹn. Ó sì mọ̀ pé bí Fádáre bá kùnà lọ́jọ́ náà, Péjú ọmọ Fádáre kò ní lè fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọ bíbí Ajue ni Fádáre. Oko kòkó bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kòkó kì í dáni lóhùn, Fádáre kò sì lè bá ohun tí kì í dáni lóhùn gbé. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó gba etí òkun lọ, ó di kúkù nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó tó ń mòòkùn lọ tún páìpù epo ṣe. Ọdún mẹ́rin ló fi ń sè fún wọn. Ọdún tí owó Údójì jáde, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ló padà wálé.

Ẹni tó bá gbó tó á rántí ọdún náà. Gbogbo ayé ló ń ra ohun tí wọn kò ní ibi tí wọ́n máa lò ó sí. Tíṣà kan ní Omifunfun ra ẹ̀rọ tó ń fi iná gé koríko, bẹ́ẹ̀ ìyàngbẹ ilẹ̀ ló wà níwájú ilé rẹ̀. Láoyè, ará Ìkirè tó wá ń dá oko kòkó ní Ajue, kò gbẹ́yìn, ó ra fíríìjì. Iná ìjọba kò tíì mọ ọ̀nà Ajue nígbà náà. Aṣọ ló ń kó sínú fíríìjì náà. Ó ní eku ò lè ṣí i.

Fádáre ní tirẹ̀ kò ra nǹkan kan. Agbá afẹ́fẹ́, aṣọ rọ́bà àti bàtà pẹ́pẹ́yẹ tí òyìnbó fi dá a lọ́lá ló gbé dé. Àwọn àgbẹ̀ rí agbá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rò pé ẹ̀rọ tuntun tí ìjọba ṣèlérí láti fi fín kòkó ni. Kí ó tó jẹun tán, èèyàn mọ́kànlá ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, oníkálukú ń bẹ̀ ẹ́ kó bá òun fín oko òun ná.

Fádáre ní, "Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú rẹ̀."

Ọ̀kan nínú wọn mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀ pé ibẹ̀ nìjọba máa já a sí," ló wí, ó sì yí padà lọ sí oko rẹ̀.

Ìtàn tí Fádáre gbé dé ju ẹrù rẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kì í lọ láìjẹ́ pé ó sọ nípa Pányá, erékùṣù tó wà lójú òkun lọ́hùn-ún. Ó ní àwọn òyìnbó náà máa ń fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi, tó bá di ọjọ́ keje, wọ́n á lọ sinmi lábẹ́ omi. Ọjọ́ kan ni wọ́n mú òun náà dání.

"Omi ibẹ̀ ò jìn," á wí, á gbé ọwọ́ sókè. "Kò ju ọ̀pẹ kan lọ. Oòrùn ń wọ ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Láoyè, òkúta ibẹ̀ ń yọ òdòdó. Òmíràn pupa, òmíràn àwọ̀ elésè àlùkò. O máa débẹ̀, ẹja á tò, wọ́n á máa wò ọ́ bí àna tó wá wo ìyàwó tuntun."

Láoyè á ní, "Ta ló gbin òkúta ọ̀hún?"

"Ta ló ń gbin òkúta?"

"Ìwọ lo ní ó ń yọ òdòdó."

Nígbà náà ni inú Fádáre á bí, á sì bọ́ sínú èdè Ìkálẹ̀. Láoyè kì í gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìdajì tó sì ń gbọ́ kò ṣeé sọ níwájú ọmọdé.

Ibi tó ń pa Ajue lẹ́rìn-ín jù ni òfin àwọn amòòkùn. Fádáre ní ẹnì kan kì í dá wọnú omi, méjì méjì ni. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀kan bá tán, ìkejì á yọ rọ́bà ẹnu tirẹ̀ fún un, á mí ẹ̀ẹ̀mejì, á dá a padà, wọ́n á máa pín in bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi gòkè. Àwọn ará Ajue á di ìhà mú. Wọ́n ní ọkùnrin méjì, pẹ̀lú irùngbọ̀n, wọ́n wá ń gba rọ́bà lá lẹ́nu ara wọn. Ẹfúnróyè, ìyàwó Fádáre, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn òyìnbó náà gbọ́n, wọ́n ti wá gbogbo ayé yí ká kí wọ́n tó rí ibi tí Bàbá Péjú kò ti ní lè sọ̀rọ̀.

Bí Láoyè bá wá fi agbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ jù, Fádáre ní èsì kan tó máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Á ní, "Èmi gbé agbá òkun wá síbi tí kò sí òkun. Ìwọ gbé fíríìjì wá síbi tí kò sí iná. Àwa méjèèjì, ta ni ká kọ́kọ́ mú lọ sí ilé wèrè?"

Ibi tí eré wà nìyẹn títí di ọdún 1977, tí Olútóyìn, ọmọ ilé Oyèlọlá ní Odigbo, ní Péjú lòun máa fẹ́. Péjú náà ní àfi òun. Ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ ìyàwó láìwádìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wèrè wà ní ìdílé náà, tàbí olè, tàbí gbèsè. Ẹni tó bá sì ń wádìí kì í sọ pé ìwádìí lòun wá ṣe. Bàbá Oyèlọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó, ló gbé iṣẹ́ náà. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dé oko Láoyè bí ẹni tó fẹ́ ra kòkó, ó bá a níbi tó ti ń fọ́ kòkó, ó bá a fọ́ bíi mẹ́rin, ó wá rọra béèrè pé irú èèyàn wo ni Fádáre tí òun ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yìí.

Láoyè kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó rí ni àlejò tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Fádáre?" ló wí. "Olóòótọ́ èèyàn ni, àfi tó bá la ẹnu."

Bàbá Oyèlọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni iṣẹ́ dé láti Odigbo pé àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kì í fẹ́ ọmọ òpùrọ́, àti pé ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ gan-an ló jẹ́rìí sí i. Péjú wá sí ilé Láoyè. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, Láoyè ló fi ẹsẹ̀ rìn lọ pe agbẹ̀bí wá. Ó rò pé ọmọ náà máa sunkún, tàbí kó bú òun, ó sì ti múra sílẹ̀ láti gbà á. Péjú kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí, ó sì dìde, ó lọ. Láoyè kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dùn ún ju kí ọmọ náà gbá a létí lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà ní Odigbo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Oyèlọlá. "Àwàdà ni mo ṣe, Bàbá."

Bàbá Oyèlọlá ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kò sí ibi tí a ń kọ àwàdà sí níbí. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìwé."

"Kí la wá lè ṣe sí i, Bàbá?"

"Ẹ̀rí. Ó ní òun máa ń gbé abẹ́ omi. Kó wọnú omi níṣojú mi, kó sì wà níbẹ̀ títí màá fi ka Sáàmù kan tán. Tó bá lè ṣe é, a jẹ́ pé ìwọ lo purọ́ mọ́ ọn."

"Sáàmù wo, Bàbá?"

"Kọkàndínlọ́gọ́fà."

Láoyè lọ sọ fún Fádáre. Fádáre dìde, ó wọ bàtà, ó ní àwọn máa lọ ná an. Ó dé Odigbo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Sáàmù bí ẹni ń ná ewúrẹ́. Ó ní òun kò bá Bàbá jà, kí Bàbá kàn sún un sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n lo kẹtàdínlọ́gọ́fà.

Bàbá Oyèlọlá ní, "Ẹsẹ méjì péré ni ìyẹn. Ṣé o rò pé èmi ò mọ Bíbélì ni?"

"Ẹ jẹ́ ká lo kẹtàlélógún, Bàbá. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀."

"Ó kúrú. Ọmọ ìkókó lè wà lábẹ́ omi tó ìyẹn."

Wọ́n fà á títí oòrùn fi dé àtàrí. Kọkànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n fẹnu kò sí, ẹsẹ mẹ́rìndínlógún, kíkà ẹ̀ẹ̀mejì, láìkánjú. Fádáre gbọn ọwọ́ Bàbá Oyèlọlá bí ẹni tó rí ọjà gidi rà. Ìgbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà ló tó sọ fún Láoyè pé agbá òun ti ṣófo láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi dé ìsọ̀ Gàzálì láàárọ̀ ọjọ́ tó fi ẹ̀yìn rìn náà. Gàzálì yí agbá náà po. Ó ti fún kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí, ó ti fún tírélà, ó ti fún bọ́ọ̀lù ọmọ ilé ìwé.

"Bàbá, tẹ̀yin ńkọ́? Bíi mélòó ni kí n jẹ́ kó gbà?"

Fádáre ní, "Fún mi bí ẹni ń fún tírélà tó ń lọ Sókótó."

Gàzálì fi awẹ́ rọ́bà táyà so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ẹnu agbá, ó fọn ọ́n títí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Láoyè ní kí Fádáre kó bàtà náà dání, kó wọ̀ ọ́ tó bá dé etí omi. Fádáre wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní sójà kì í di yúnífọ́ọ̀mù sínú àpò lọ sójú ogun.

Kòtò ńlá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tuntun, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ti ń wa òkúta. Òjò ti kún un, omi rẹ̀ pọ́n, ó jìn tó èèyàn méjì tó gun orí ara wọn. Gbogbo Ore dúró yí i ká. Bàbá Oyèlọlá jókòó sórí àga, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. Péjú dúró ti ìyá rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Fádáre fi ẹ̀yìn wọnú omi, omi bo orí rẹ̀, ìfófó omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sókè láti ibi tó ti ń mí. Bàbá Oyèlọlá ṣí ìwé, ó ń kà á bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí ọ̀daràn lọ́rùn. Ó dé ẹsẹ keje, ó dúró, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

Ẹfúnróyè ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ máa ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ. Ọkọ mi wà nínú omi."

Ó kà á tán lẹ́ẹ̀kíní, ìfófó ń yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Láoyè tẹjú mọ́ ojú omi, kò tilẹ̀ gbọ́ Sáàmù mọ́. Ìfófó náà ń dín kù. Ó yọ ọ̀kan, ó pẹ́, ó tún yọ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kò yọ mọ́. Láoyè retí títí. Ọkùnrin yìí, igbá ló fi ń wẹ̀ láti kékeré, omi tó bá sì ti kọjá orúnkún rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ó rántí "àfi tó bá la ẹnu" tí òun sọ, ó sì bẹ́ sínú omi pẹ̀lú dàńṣíkí lọ́rùn.

Kò sí ohun tó ṣe Fádáre. Ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ sórí òkúta kan nísàlẹ̀, ó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ ná, ó ń mí ẹ̀ẹ̀kan, ó ń sinmi gan-an kó tó tún mí. Ohun tó kàn rí ni ẹsẹ̀ méjì tó ń já bọ̀ látòkè. Ó mọ sálúbàtà náà. Láoyè ti ń mu omi, ó ń fi ọwọ́ gbá ohun gbogbo, ni ẹnì kan bá dì í mú láyà, tó ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó mí ẹ̀ẹ̀mejì. Afẹ́fẹ́ náà ń rùn bíi táyà àti pẹtiróòlù, Láoyè sì ń búra títí ó fi darúgbó pé òun ò tíì jẹ ohun tó dùn tó ìyẹn rí. Fádáre gba rọ́bà padà, ó mí ẹ̀ẹ̀kan. Ó tún fi í fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in títí orí àwọn méjèèjì fi yọ.

Bàbá Oyèlọlá fi ìka sí ibi tó kà dé. "Ẹsẹ kẹwàá," ló wí. "Ó ku mẹ́fà."

Láoyè dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó ń pọ omi jáde, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun fà á, kí wọ́n má kà á sí Fádáre lọ́rùn. Fádáre wo Péjú. Ó tún gíláàsì rẹ̀ dè.

"Ẹ má pa ìwé dé, Bàbá," ló wí. "Mò ń padà lọ."

Gàzálì gbọn agbá náà wò. "Bàbá, kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́."

"Ṣé mo bi ọ́ ni?"

Ó sì rì. Ìfófó kan kò yọ rárá. Bàbá Oyèlọlá wo omi, ó wo Ẹfúnróyè, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ka ìwé ẹjọ́ láìkánjú nítorí ẹnikẹ́ni, ó ka ẹsẹ mẹ́fà náà bí alájàpá tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó fo ọ̀rọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ mì, ó dé Àmín kó tó dé ìparí, ó sì ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan tó fẹ́ fi bẹ́ sómi nígbà tí Fádáre yọrí.

Ó jókòó padà, ó wọ bàtà rẹ̀, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ó fa ìlà sórí "òpùrọ́", ó kọ "sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀" sí i lókè. Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé Péjú lọ sí Odigbo, Fádáre sì fi ìtàn Pányá dá àwọn àlejò dúró títí oúnjẹ fi tutù. Bàbá Oyèlọlá ló wá di ẹni tó ń ròyìn ọjọ́ kòtò náà káàkiri Odigbo. Nígbà tó fi máa kú, kòtò náà ti di odò, Láoyè ti di mẹ́ta, ẹsẹ mẹ́fà sì ti di Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà odindi.

Láoyè kò jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́, ọ̀rẹ́ kì í jáwọ́. Ṣùgbọ́n kò bi Fádáre mọ́ láéláé pé ta ló gbin òkúta. Ọdún 1993 ni ibà dá Fádáre dùbúlẹ̀. Láoyè ń lọ jókòó tì í lójoojúmọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fádáre lajú, ó ní, "Láoyè, o ò gbà mí gbọ́ lórí òkúta yẹn."

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Irọ́ lò ń pa," ni Fádáre wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn. Kò sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi kú lọ́jọ́ kejì. Ilé náà dákẹ́ débi pé Ẹfúnróyè, tó ti fi ogójì ọdún bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó sinmi ẹnu, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún pé òun kò gbọ́ ohùn kankan nínú ilé.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Monílọ́lá, ọmọ Péjú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá bá Láoyè lábẹ́ igi níbi tó dá jókòó sí. Ojú ọmọ náà ti wú. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ní irọ́ ni bàbá àgbà òun ń pa, pé kò sí òkúta tó ń yọ òdòdó níbì kankan láyé.

"Bàbá, ẹ̀yin lọ̀rẹ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni?"

Láoyè ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa Fádáre nígbà kan, níwájú ẹni tó wá béèrè. Ó rò ó wò, kò sì pẹ́ tó fi mọ ohun tí òun máa sọ.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Mo fi ojú mi rí i."

"Ẹ̀yin náà dé Pányá?"

Láoyè ń sunkún, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò dé etí òkun rí láyé rẹ̀.

"Àwa méjèèjì la jọ lọ," ló wí. "Jókòó, kí n sọ fún ọ bí ibẹ̀ ṣe rí."